Eré Yíyí Bọ́ọ̀lù Lórí Koríko ní Bournville

Ní ọdún 1541, nígbà Ọba Henry Kẹjọ, a ṣe òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé oníṣẹ́-ọwọ́, alágbàṣe, ọmọ-iṣẹ́ àti ìránṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe eré yíyí bọ́ọ̀lù lórí koríko, àfi ní àkókò Kérésìmesì, nínú ilé ọ̀gá wọn tàbí lójú rẹ̀. Ọdún 1845 ni a tó mú òfin náà kúrò.

Nínú eré yìí, olúkúlùkù a máa yí bọ́ọ̀lù ńlá kí ó lè dúró sí ìtòsí bọ́ọ̀lù kékeré kan. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ńlá náà kò rí róbótó déédéé. Bí ó ti ń lọ ni ó ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà ọgbọ́n ni í borí, kì í ṣe agbára. Àgbà lè bá ọ̀dọ́ díje.

Ní 1879, Richard àti George Cadbury kó ilé iṣẹ́ kòkó wọn kúrò láàárín Birmingham lọ sí Bournville, níbi tí afẹ́fẹ́ ti dára. Wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún eré ìdárayá, t'ọkùnrin t'obìnrin. Ní 1896 a dá ẹgbẹ́ eléré ìdárayá àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1924 a sì ṣí pápá ńlá Rowheath, tí ibi yíyí bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀.

Báyìí ni ohun tí a fi òfin dù òṣìṣẹ́ nígbà kan rí ṣe di ohun tí ọ̀gá tọ́jú pápá fún. Ìsinmi kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Kí a sì rántí pé kòkó àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára ohun tí ó pa owó pápá náà.