Ẹni Tó Lé Eku Méjì

Àrìnjìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Ọba Akran, ní Ọ̀gbà tàbí ní Agége ní Èkó, ọ̀nà tí yóò gbé yín dé ibi tí odò ti ń la àpáta kọjá kò jìnnà sí yín: ọ̀nà Abẹ́òkúta ni. Odò Ògùn tí ẹ ń rí lábẹ́ afárá Kara, ìhà Ṣakí ló ti ń bọ̀. Ní Kara, ó tẹ́ rẹrẹ, ó dákẹ́. Ní Lafẹ́nwá ní Abẹ́òkúta, òkúta ló ń bá wọ̀jà. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, omi á fà, àpáta inú rẹ̀ á yọ gọngọ. Ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí fọganáísà wo táyà yín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì jáde láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Tí ọyẹ́ bá ṣú bolẹ̀, ẹ dúró kí oòrùn là. Dánfó àti àwọn tó ń sọdá títì ni ẹ ó máa ṣọ́ títí dé Sángò Ọ̀tà. Ní Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960, tírélà ló kù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe yà bàrá sí ọ̀nà ẹni tó ń bọ̀ nítorí pé tírélà ń rá pálá níwájú yín.

Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Awakọ̀ tó ń wo odò lórí eré kò ní rí odò dáadáa, kò sì ní rí ọ̀nà. Tí ẹ bá dé Lafẹ́nwá, ẹ má dúró lórí afárá. Ẹ kọjá rẹ̀, ẹ wá ibi tó gbà yín, ẹ bi àwọn ará ibẹ̀ níbi tó dára láti dúró wò ó, kí ẹ má sì gun òkúta inú omi, nítorí ó ń yọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ibi àpáta Olúmọ lọ, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ dó sí ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ aṣáájú wọn. Láti orí àpáta yẹn, awakọ̀ pàápàá lè wo ìlú tẹ́rùn.

Ẹni tí kò bá lè kó ojú rẹ̀ níjàánu, kí ó wọ reluwé ní Agége. Láti 2021 ni reluwé tuntun Èkó sí Ìbàdàn ti ń dúró ní Abẹ́òkúta. Ládèrin ni ibùdó náà wà, kì í ṣe Lafẹ́nwá, nítorí náà, kí ó mú owó takisí dání.