Ṣé Kúlíkúlí Tó Sààrì?

Ẹ̀yin ẹbí wa nínú Ìsìláàmù, bí ààwẹ̀ bá ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta, oorun a máa lágbára ju ebi lọ. Àwọn ọmọ wa ní Ara a ju kúlíkúlí sẹ́nu, wọ́n á mu omi, wọ́n á padà sùn. Wọ́n ní àwọn ti ṣe sààrì. Àwọn tówó wà lọ́wọ́ wọn ń ra ìpanu inú ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní protein bar. Ẹ ka ara ọ̀rá yẹn dáadáa: òmíràn kún fún ṣúgà, òmíràn ní gelatin, tó lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀.

Kúlíkúlí ní tirẹ̀ kì í ṣe ìpanu lásán o. Nínú ẹ̀pà gíráàmù 100, èròjà amúaradàgbà tó nǹkan bí gíráàmù 25. Bí a bá sì ti fún òróró rẹ̀ jáde, ìdá rẹ̀ tún ga sí i. Ṣùgbọ́n ó gbẹ, wọ́n sì máa ń fi iyọ̀ sí i, òǹgbẹ kò ní jẹ́ kí alááwẹ̀ sinmi. Ó dára láàárín oúnjẹ méjì. Kò lè dá gbé ọmọ dé àkókò ìṣínu. Ẹ jẹ́ kó bá ẹ̀kọ gbígbóná rìn, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà, kí dàbínù tàbí ọsàn tẹ̀lé e.

Èyí tó bá ti bu, tó ń korò lẹ́nu, ẹ dà á nù. Ẹ má tún un dín: oró inú ẹ̀pà tó bu ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná ìdáná kì í sì í pa á tán.