Nígbà tí Iṣan Ọwọ́ Kò Bá Lù Mọ́

Ẹ̀kọ́ tòní kì í ṣe ti kéwú. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, àṣìṣe tiwa sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 19, ń kéwú lọ́dọ̀ wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bí òun bá gbé wàláà dání fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ òsì òun á kú. Ara rẹ̀ ń gbóná lálaalẹ́, ó sì ń rù. A lo oògùn ibà títí. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Nígbà tí dókítà di ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, iṣan ibẹ̀ kò lù rárá. Ti ọ̀tún ń lù dáadáa.

Àìsàn Takayasu ni wọ́n ń pè é. Mikito Takayasu, dókítà ojú kan ní ilẹ̀ Japan, ló ṣàlàyé ní ọdún 1908 ohun tó rí nínú ojú obìnrin ọmọ ọdún 21 kan, tí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti yí padà. Dókítà méjì mìíràn sọ pé àwọn náà rí irú rẹ̀ lára àwọn aláìsàn tí iṣan ọwọ́ wọn kò lù.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Àwa ọlọ́jà mọ ọdẹ tí à ń san owó fún kó máa ṣọ́ ọjà lóru. Bí ọdẹ náà bá wá ń fọ́ ìsọ̀ wa ńkọ́? Ọlọ́hun fi ẹ̀ṣọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wa láti bá kòkòrò àrùn jà. Nínú àìsàn yìí, ẹ̀ṣọ́ náà dojú kọ iṣan ńlá tó ti inú ọkàn jáde àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tó lọ sí ọwọ́, orí àti kíndìnrín. Ògiri iṣan á wú, á nípọn, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á sì fún. Kì í ràn. Nínú aláìsàn 10, nǹkan bí 8 tàbí 9 jẹ́ obìnrin, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó pé ọdún 40.

Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: ibà tí kò lọ, rírù, ọrùn àti oríkèé ríro. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ á máa tètè rẹ aláìsàn bó bá ń fọṣọ, òòyì á máa kọ́ ọ, ojú á máa ṣú u. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọwọ́ tí iṣan rẹ̀ ti fún, ẹ̀rọ á ní kò ga, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ọwọ́ méjèèjì. Dókítà á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, á sì fi ẹ̀rọ wo ojú ọ̀nà iṣan. Á wò bóyá ikọ́ ife wà níbẹ̀, torí àmì wọn jọra, oògùn Takayasu sì lè mú kí ikọ́ ife gbèrú.

Oògùn àkọ́kọ́ ni prednisolone, tí wọ́n ń dín kù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Wọ́n sábà máa ń fi òmíràn kún un, bíi azathioprine tàbí methotrexate. Fún àìsàn yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni à ń lo methotrexate. Lílò ó lójoojúmọ́ lè pa èèyàn. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó. Nígbà mìíràn, wọ́n á la ọ̀nà iṣan tó fún.

Àṣìṣe wa nìyí. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, ara ọmọ náà ti ń yá, ojú rẹ̀ sì ti wú nítorí prednisolone. Ó bi wá léèrè, a ní kó fi oògùn sílẹ̀ kó gba ààwẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ń bì, ó sì dákú. Dókítà ṣàlàyé pé bí èèyàn bá ti lo prednisolone pẹ́, ara kì í ṣe irú èròjà náà fúnra rẹ̀ mọ́. Bí a bá já oògùn lójijì, ara á wà lófìfo. Ọlọ́hun ló yọ ọ́. Àwa tí à ń kọ́ àwọn ọmọ pé ìyọ̀ǹda wà fún aláìsàn nínú Súrátù Bákárà, àwa la gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já oògùn yìí fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ àáfà ló sọ bẹ́ẹ̀. Kí ààwẹ̀ tó dé ni kí ẹ bi dókítà. Bí ẹ bá ń lọ sílé ṣe Iléyá, ẹ gbé oògùn tó máa tó yín lọ tó bọ̀ dání, àti ìwé tí dókítà kọ.

Ọmọ náà ti padà sídìí wàláà rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.