Ẹ Lù Ú bí Ìkòkò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹni tó bá dìde ní Ìlobùú tó ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ onígbòkun, ẹ̀rín ni ará ilé yóò fi í rín. Omi tó tóbi jù tí a mọ̀ ni Erinlẹ̀, odò tí ọdẹ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn wọ̀ lọ tó sì di òrìṣà. A kì í ta ìgbòkun lórí Erinlẹ̀. Àwọn apẹja tó wà lórí omi ìsédò rẹ̀ lápá Ẹdẹ, àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ wọn. Láti ìlú wa dé etí òkun l'Ékòó sì ju 200 kìlómítà lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ti tàn dé ibi tí òkun wà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ifọ́n-Ọ̀ṣun, ń gbé ní Southampton ní gúúsù England. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ kú alẹ́ o. Mo ti rí ọkọ̀ kan. Ẹsẹ̀ bàtà 32 ni, ó ní ibùsùn, ó ní ibi ìdáná, ó sì ń dán gbinrin." Ó mọ̀ pé mo lo ọdún mélòó kan ní ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe lápá ibẹ̀ kí n tó padà wálé. Ohun tí mo bá a sọ lálẹ́ ọjọ́ náà, àti ní ọ̀pọ̀ alẹ́ tó tẹ̀ lé e, ni mo kọ sílẹ̀ yìí fún ẹ̀yin tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ onígbòkun àlòkù. Ẹni tó bá ti ra mọ́tò tòkunbọ̀ rí ti mọ ìdajì rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ orúkọ nǹkan. Ìgbòkun ni aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń tì. Òpó ni igi tàbí irin gíga tí a ta á mọ́. Ìtọ́kọ̀ ni pátákó tó rì sínú omi lẹ́yìn ọkọ̀, òun ni a fi ń darí rẹ̀. Ẹni tó bá ti kà á nínú Bíbélì bí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ṣe fọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí Róòmù ti bá díẹ̀ nínú wọn pàdé. Èyí tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu wa ni ohun tí mo ń pè ní egungun ìdí. Irin tàbí òjé wúwo ni, tí wọ́n fi bóòtì dè mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ìwúwo rẹ̀ sì sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo gbogbo ọkọ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dojú dé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tì í.

Ó tún ní iṣẹ́ kejì. Ẹ lọ wo ọ̀sà Èkó lápá Mákòkó: ẹ óò rí ọkọ̀ apẹja tó fi àpò tí wọ́n rán pọ̀ ṣe ìgbòkun. Ó rẹwà lójú mi ju ọkọ̀ olówó gọbọi lọ. Àmọ́ kò ní egungun ìdí, ibi tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lọ ló rọrùn fún un láti lọ. Ọkọ̀ tó bá ní egungun ìdí lè lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kò kàn lè kọjú sí i tààrà ni. Yóò dagun, yóò lọ sí ọ̀tún díẹ̀, yóò yí, yóò lọ sí òsì díẹ̀, bí ẹni tó ń pọ́n òkè ní kọ́lọkọ̀lọ. Ẹni tó fẹ́ fojú rí i láìkúrò ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1932 ń fi ọkọ̀ onígbòkun kéékèèké díje lórí omi Èkó. Èmi a máa gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kó kọ́ irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ná kó tó ra èyí tí yóò máa sùn sí.

Ó yá, ká padà sórí ọkọ̀ tó ń dán gbinrin. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi ọmọ náà ni pé, "Inú omi lo ti wò ó ni, àbí orí ilẹ̀?" Ó ní inú omi ni. Mo ní, "O ò tíì rí i nìyẹn."

Ibi tó lè pa ènìyàn lára ọkọ̀, abẹ́ omi ló pọ̀ sí. Nítorí náà, wọ́n ní láti fi ẹ̀rọ gbé e sókè, kí ayẹ̀wò, ìyẹn ẹni tó ń fi ọkọ̀ yíyẹ̀wò jẹun, wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ní England, àṣà wọn ni pé kí olùrà àti olùtà fẹnu kò sí iye kan, kí olùrà san àsansílẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé bí àyẹ̀wò tàbí ìdánwò lórí òkun bá tú àléébù ńlá síta, olùrà lè gba owó rẹ̀ padà. Olùrà ló ń san owó gbígbé sókè, òun náà ló ń san owó ayẹ̀wò. Olùtà lè ní òun ti ní ìwé àyẹ̀wò nílé. Ẹ gbà á, ẹ kà á, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì wá tiyín. Ta ni ń gbé mẹkáníìkì ẹni tó ń ta mọ́tò wá láti bá òun yẹ mọ́tò náà wò?

Ẹ ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà. Ìyá kì í wo àwọ̀ rẹ̀ lásán. Yóò gbé e sókè, yóò fi ìka lù ú, yóò sì tẹ́tí. Èyí tó bá dún gooro, ó pé. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá há, ó ti sán, kódà bí ojú kò bá rí ibi tó ti sán. Ohun tí ayẹ̀wò ń ṣe gan-an nìyẹn, àfi pé òòlù kékeré ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ àlòkù báyìí. Orí ọkọ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀ rìn sábà máa ń jẹ́ awọ fáíbà méjì tí igi fúyẹ́fúyẹ́ tàbí fóòmù wà láàárín wọn. Bí omi bá gba ojú ìṣó kan wọlé, igi àárín yẹn yóò jẹrà, awọ méjèèjì yóò sì yà kúrò lára wọn. Ọ̀dà tuntun lè bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà kò lè tún ohùn rẹ̀ ṣe. Òòlù á máa dún kó-kó-kó bọ̀, bó bá dé ibẹ̀, á dún bùtù. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì yí ibẹ̀ ká, kí ẹ wo bó ṣe fẹ̀ tó.

Lábẹ́ ọkọ̀, ẹ lè bá nǹkan tó wú kéékèèké bí ìléròrò. Omi ló ti wọ inú fáíbà lọ láti ọdún pípẹ́. Bí wọ́n bá gún un, omi inú rẹ̀ a máa rùn kíkan bí fínígà. Àwọn olùrà tuntun máa ń sá fún ìléròrò yìí bí ẹni rí ejò. Èmi kì í sá. Ó ń dín owó ọkọ̀ kù, ó ṣeé wò sàn, kì í sábà pa ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ kó bà wọ́n lẹ́rù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá.

Egungun ìdí ni mo ń sọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ọkọ̀ onígbòkun kan tó ń jẹ́ Cheeki Rafiki, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40, ń ti Antigua bọ̀ ní Southampton níbi tí ọmọ wa yìí ń gbé. Ní àárín òkun Àtìláńtíìkì, egungun ìdí rẹ̀ já kúrò. Ọkọ̀ náà dojú dé. Ọkùnrin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, a ò rí ìkankan nínú wọn mọ́. Nígbà tí ìjọba Bìrìtìkó ṣe ìwádìí, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fífi ìdí kọlu ilẹ̀ tí ọkọ̀ náà ti ṣe láwọn ìgbà kan, àti àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i lẹ́yìn náà, ló sọ ojú ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ọkọ̀ di aláìlágbára. Nítorí náà, ẹ bi olùtà ní ojúkorojú: "Ṣé ọkọ̀ yìí ti fi ìdí gbálẹ̀ rí?" Ohun yòówù kó fi dáhùn, ẹ lọ wo ojú ibi tí irin àti fáíbà ti pàdé bóyá ìpẹtà ń ṣàn níbẹ̀. Ẹ wá wọ inú ọkọ̀, ẹ ṣí pákó ilẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ bóòtì kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti ń là. Ibi tí ìdọ̀tí bá pọ̀ sí ni kí ẹ nù dáadáa kí ẹ tó wò ó.

Àwọn tó kù, mo máa yára. Wáyà tó di òpó mú: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í fẹ́ kó ju ọdún 10 sí 15 lọ, torí náà ẹ béèrè rìsíìtì. Ẹ fi bébà ìnùdí nù ún láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí okùn tín-ín-rín kan bá ti já nínú rẹ̀, yóò fa bébà náà ya, kò ní fa ọwọ́ yín ya. Àwọn tápù tó ń dí ihò abẹ́ ọkọ̀: kí ìkọ̀ọ̀kan ṣeé yí, kí idẹ rẹ̀ má sì tíì pọ́n bíi bàbà, nítorí idẹ tó bá ti pọ́n bẹ́ẹ̀ ti ń di ẹfun, yóò kán lọ́jọ́ kan. Ìwé: kí orúkọ ẹni tó ń ta á wà lórí rẹ̀, kí gbèsè má sì sí lọ́rùn ọkọ̀. Ẹni tó bá ní in lọ́kàn láti gbé e wá sí omi tiwa, kó lọ béèrè lọ́wọ́ NIWA àti NIMASA, àwọn àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, kó tó sanwó.

Nígbà tí àyẹ̀wò orí ilẹ̀ parí, ọmọ náà tún pè. Ó ní ọjọ́ Sátidé ni àwọn máa gbé e lọ sórí òkun, pé òun tilẹ̀ ti fún un ní orúkọ ìyá òun. Mo ní, "Ọmọ tí a bí, ọjọ́ kẹjọ la tó ń sọ ọ́ lórúkọ. Ìwọ ò tíì bí tìẹ, o ti pa àgbò." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tó bá ti sọ ọkọ̀ lórúkọ kì í gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ mọ́.

Mo ní kó wo ojú ọjọ́ ná. Bí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́, kó sún un síwájú. Afẹ́fẹ́ tó dára fún ìdánwò ni èyí tó ń sáré tó kìlómítà 20 sí 28 ní wákàtí kan, tí orí ìgbì kéékèèké ti ń funfun. Mo ní kó dé ibẹ̀ kí aago tí wọ́n jọ fi àdéhùn sí tó lù, kó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti gbóná, ẹnì kan ti tàn án kí ó má baà rí bó ṣe ń jí láàárọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kó tutù. Kó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀; kò sí mẹkáníìkì Ìlobùú tí kò mọ ìyẹn.

Bí ẹ́ńjìnnì bá dáhùn, ojú ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kó lọ. Omi gbọ́dọ̀ máa bá èéfín jáde, nítorí omi òkun ló ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára. Èéfín funfun díẹ̀ láàárọ̀ kò burú bó bá tètè lọ. Èyí tó bá rí bí aró, ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Èyí tó bá dúdú kirikiri, ẹrù ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù tàbí dísùlù ń pọ̀ jù fún un. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò ní èbúté, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé òpin fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ó máa wo bí ooru rẹ̀ ṣe ń lọ. Inú olùtà kì í dùn sí èyí. Inú rẹ̀ kò ní láti dùn.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Ìgbà yìí ni ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á ta ìgbòkun, ọkọ̀ á rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, abọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kí ó gba ìtọ́kọ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá fa ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó dára. Bó bá ń bá a jà, nǹkan kan ń bẹ. Kí wọ́n yí sí ọ̀tún, kí wọ́n yí sí òsì, kí ó tó àkókò kan náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ mọ ẹ̀gbẹ́ tó dára, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń pẹ́ sí. Kí ó dín ìgbòkun kù bí ẹni tí ìjì ń bọ̀ wá bá, kó rí i bóyá okùn àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dín in kù ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fi ìtọ́kọ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì, kó sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá, kó dákẹ́. Kó gbọ́ bí pákó ṣe ń dún. Kó ṣí ilẹ̀kùn, kó tì í padà. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ń yí nígbà tó bá rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣeé tì.

Ó pè mí lọ́jọ́ Sátidé náà láti inú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ń pariwo nínú fóònù. Ó ní ẹ́ńjìnnì jí dáadáa, ilẹ̀kùn tì, ṣùgbọ́n òun ṣí pákó ilẹ̀, òun sì bá omi níbẹ̀, tó bí ife méjì, tí kò sí níbẹ̀ láàárọ̀. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Mo ní, "Ti ìka bọ̀ ọ́, kí o tọ́ ọ wò."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Kò níyọ̀, Bàbá."

Mo ní kó lọ wo táǹkì omi mímu tó wà lábẹ́ ibùsùn, kó wo ibi tí páìpù ti wọlé sí i. Bí ó bá rí i pé ibẹ̀ ló ti ń jò, kó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú àwọn àléébù tó kù, kó má sọ ohunkóhun nípa owó títí wọn óò fi dé èbúté.