Kẹ́ẹ̀gì Omi Kan fún Ọgbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọ̀rọ̀ oore ni wọ́n sábà ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní Kàbà yóò jèrè bó bá gbà á bó ṣe wà gan-an. Láti oṣù Kẹrin tí òjò ti ń dé sílẹ̀ Ọ̀kun títí di oṣù Kẹwàá, ẹ̀fọ́ kì í wọ́n: tẹ̀tẹ̀ ń hù nídìí ààtàn láìsí ẹni tó gbìn ín, gbúre ń bo ẹsẹ̀ ògiri. N kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa dá ara rẹ̀ lóró lórí ẹ̀fọ́ lóṣù Keje. Ẹ rà á lọ́jà. Ìgbà tí òjò bá dá, tó bá ku ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ nìkan, ni ọgbà ilé tó ń pa owó mọ́ síni lápò.

Ọyẹ́ tí gbogbo wa ń sá fún gan-an ni létúùsì ń wá. Bí ilẹ̀ bá ti gbóná jù, irúgbìn rẹ̀ kì í fẹ́ hù, ìdí nìyẹn tí Jọ́ọ̀sì tó wà lórí òkè tútù fi ń gbìn ín fún ọ̀pọ̀ ìlú, tí ewé náà sì ti ń rọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kàbà ò ní òtútù Jọ́ọ̀sì, àmọ́ òru oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní tó o. Ẹ gbin irúgbìn náà sábẹ́ ibòji níparí oṣù Kọkànlá, kí ẹ tu ú gbìn sórí ebè pẹrẹsẹ tó bá ti yọ ewé mẹ́rin. Èrè mìíràn wà níbẹ̀. Ní Accra àti Kumasi, omi gọ́tà àti odò ẹlẹ́gbin ni wọ́n fi ń rin púpọ̀ nínú létúùsì tí wọ́n ń gbìn láàárín ìlú, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò sì bá ẹyin aràn lára ewé. Ohun tí a ń jẹ ní tútù, ó dáa ká mọ omi tó mu. Nítorí èyí náà ni ìgbẹ́ adìẹ fi gbọ́dọ̀ jẹrà fún oṣù mélòó kan kó tó dé orí ebè.

Àwọn kan á ní kànga ń gbẹ. Òótọ́ ni, àmọ́ ebè tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà mẹ́ta, kò gbà ju nǹkan bíi lítà 15 sí 18 lọ lójúmọ́. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ò ní tán lórí rẹ̀, omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà sì wà níbẹ̀ tí a ń dà nù. Ìdí ewé ni kí ẹ máa bomi sí, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù ju ọ̀dá lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ò mọ díẹ̀díẹ̀. Owó tí ẹ bá ní, àwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rà, kí ẹ tó ra irúgbìn. Bí omi bá wá dín kù gan-an lóṣù Kejì, tí létúùsì ń nà sókè láti yọ òdòdó, ewé rẹ̀ ti ń korò nìyẹn. Ẹ fà á tu, kí ẹ fọ́n tẹ̀tẹ̀ sí ìdajì ebè náà péré. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ó ti tó ṣà.