Àwo, Ìkòkò àti Ìtàn

Àwọn àgbà Àwórì ní Ọ̀jọ́ àti ní Ìbà a máa sọ ìtàn Ògúnfúnminíre, ẹni tí a tún ń pè ní Ọlọ́fin. Wọ́n ní nígbà tí ó ń ti Ifẹ̀ bọ̀, ó gbé àwo kan lé orí odò Ògùn, ó sì ń tẹ̀ lé e. Ibi tí àwo náà rì sí ní Ìṣẹrí ni ó tẹ̀dó sí. Nínú ọ̀rọ̀ náà pé, “Àwo ti rì,” ni wọ́n ní orúkọ Àwórì ti wá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ kan àwo yìí mọ́. Ẹnu àwọn àgbà nìkan ni ó wà. Ǹjẹ́ ohun èlò amọ̀ kan wà tí ojú lè rí, tí ó sì lè jẹ́rìí sí ayé àtijọ́?

Ó wà. Ní gúúsù Ítálì, àwọn Gíríìkì tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ a máa fi jọ́ọ̀gì amọ̀ da ọtí wáìnì sínú ife. Láti nǹkan bí ọdún 440 ṣáájú ìbí Kristi ni àwọn amọ̀kòkò ibẹ̀ ti ń ya àwòrán pupa sí ara irú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Amọ̀ kíkúnná tí a pò mọ́ omi ni ayàwòrán fi ń kun àyíká àwòrán. Nígbà tí wọ́n bá sun ún, ibi tí a kùn a di dúdú, àwòrán tí a kò kùn a sì pọ́n. Inú sàréè ni a ti hú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jáde. Lára wọn ni a ti mọ bí àwọn ènìyàn náà ti ń wọṣọ, bí wọ́n ti ń jó àti bí wọ́n ti ń ṣe àsè.

Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Ní ọdún 1971 sí 1972, Peter Garlake wa ilẹ̀ Ọbalárá, ó sì bá ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́, àti ìkòkò kan tí a rì mọ́ ọn. Ẹni tí ó mọ ìkòkò náà kò fi ọ̀dà yà á. Amọ̀ ni ó fi mọ ojúbọ olórí mẹ́ta sí i lára. Nítorí pé a bá a ní ipò rẹ̀, a mọ̀ pé kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ lásán.

Lónìí, a ń wa ìpìlẹ̀ ilé káàkiri Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomaíkò. Àpáàdì tí a bá kó dànù mọ́ yanrìn kò lè sọ ibi tí ó ti wá mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ìkòkò àtijọ́ nínú ilẹ̀ kò gbọdọ̀ fà á yọ tàbí kí ó tà á. Kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ó sì fi tó àwọn àgbà àti àwọn aláṣẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé létí. Àwo Ọlọ́fin ti rì. Kí èyí tí ó kù má ṣe rì tẹ̀ lé e.