Bí Ọ̀nà Bá Dí, Iṣẹ́ Ò Dí

Ẹ̀yin ọmọ wa, ojú wa tó yín. A rí ẹni tó jáde yunifásítì tí kò ríṣẹ́, a rí ẹni tó gba fúrídọ̀mù tí kò rówó ra irinṣẹ́. A sì ń rí bí ẹ ṣe ń ti orí òkè kan bọ́ sórí òmíràn, tí ẹ ń gbààwẹ̀ títí ètè fi ń bó, tí ẹ ń bi wòlíì gbogbo pé, "Kí ni Olúwa wí nípa mi?" N ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà, àdúrà ló gbé àwa náà débi tá a dé. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í sábà fi gbogbo ọ̀nà hanni lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ tó wà níwájú ẹni ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn.

Gbogbo yín lẹ mọ ìtàn Àjàyí Crowther: wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún kejì, ó di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864. Àárín rẹ̀ tá a máa ń fò ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.

Lóṣù kìíní ọdún 1845, òun àti àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Henry Townsend àti C. A. Gollmer, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, Ṣódẹkẹ́ olórí Ẹ̀gbá ni wọ́n sì gbójú lé. Àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ogun dí ọ̀nà. Ìyàwó Gollmer tún kú sí Àgbádárìgì. Ó tó ọdún kan ààbọ̀ kí ọ̀nà tó là.

Ká ní àwa ni, a ó ti máa wá ẹni tí yóò bá wa wò ó bóyá ayé ló di ọ̀nà náà. Crowther ń wàásù fáwọn ará Àgbádárìgì ní tirẹ̀, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fáwọn ọmọdé, ó sì ń bá ìtumọ̀ Bíbélì lọ. A máa ń sọ pé adúró-de-Olúwa kì í jogún òfo. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdúró tí ọwọ́ ò dilẹ̀ ni.

Lóṣù kẹjọ ọdún 1846, ó wọ Abẹ́òkúta. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Àfàlá ìyá rẹ̀ fi wá a wá. Ọdún 25 ni wọn ò ti fojú kanra. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbígbọ̀n ni ìyá òun ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde, omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tó ti rù. Lọ́dún 1848, ìyá náà ṣèrìbọmi.

Ẹ má tìtorí èyí rò pé gbogbo ẹni tó bá dúró ni yóò rí ohun tó sọnù. Gollmer ò rí ìyàwó rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ kò fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ṣe é ní Àgbádárìgì, ó sì tún ṣe é dé Èkó. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe ọjà tá a ń bá Ọlọ́run ná.

Nítorí náà, ẹ máa fúnra yín ka Bíbélì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kówó wá kí Olúwa tó sọ̀rọ̀, tàbí tó ní ìyá yín ló ń ṣe yín, ẹ sá fún un. Ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó, ẹ gbé e lọ bá àgbà ìjọ tí kò ní rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Bí ara bá ń ro yín, ẹ gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì lọ sọ́sibítù. Iṣẹ́ tó bá yọjú, bó tiẹ̀ jẹ́ lẹ́sìnnì fáwọn ọmọ àdúgbò, ẹ ṣe é dáadáa. Ẹ lọ sí ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ẹ tètè jí.

Ọlọ́run á la ọ̀nà fún yín o. Kó sì bá yín lẹ́nu iṣẹ́.